Dín Ohùn Sípíkà Yẹn Kù

Àkànní ọmọ mi,

Inú mi dùn pé o ti rí ìsọ̀ gbà nítòsí ọjà Rood Woko ní Ouagadougou. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o pè mí, sípíkà tí o gbé síta ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ ìwọ. O ní gbogbo àwọn tó ń ta fóònù ní ìlà yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí tiẹ̀ bá lọ sókè jù ni oníbàárà ń yà sí.

Bí ìwọ bá fi kún ohùn sípíkà rẹ lónìí, ẹnìkejì á fi kún un lọ́la, ẹ ò sì ní gbọ́ra yín mọ́. Etí kì í ṣe èékánná tí a gé tó tún ń hù. Àwọn irun tín-ín-tín inú etí ló ń gba ìró. Tí ariwo bá ti bà wọ́n jẹ́, ó tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìró tó bá jẹ́ 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ènìyàn lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 20 ni, fún odidi ọ̀sẹ̀! Ìwọ ń jókòó ti sípíkà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ṣé o rántí bàbá Alámù tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ pè é, àfi kó fọwọ́ kàn án léjìká. Kó tó di bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ máa ń hó lálẹ́, ó ní àárẹ̀ ni. Bí tìrẹ náà bá ń hó lẹ́yìn tí o bá ti ìsọ̀, tètè lọ rí dókítà.

N kò ní kí ohun ńlá má dún o. Lọ sí ààfin ọba tí wọ́n ń pè ní Moogo Naaba níbẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀, wà á gbọ́ ìlù, wà á gbọ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n wọ́n á dún, wọ́n á sì dákẹ́.

Yí ojú sípíkà náà kúrò lára rẹ, kí o sì máa pa á lọ́sàn-án. Dípò ariwo, kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní èdè Moore tí wọ́n ń sọ níbẹ̀: ẹni tí o bá kí ní «Ne y yibeogo» láàárọ̀ á yíjú sí ọ. Jọ̀ọ́, pe àwọn ará ìlà yín jọ kí oṣù yìí tó parí, kí gbogbo yín fohùn ṣọ̀kan pé ẹ ó dín in kù.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.