Ta Ni Ìyá Iṣu?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, bí ọmọdé kan ní Òjòkú tàbí ní Ọ̀fà bá bi wá léèrè pé, “Níbo ni iṣu ti ṣẹ̀ wá?” kí ni a ó fi dá a lóhùn? Èbù ni àgbẹ̀ ń gbìn, èbù ni bàbá rẹ̀ gbìn ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di èbù ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ewé. Nínú ewé tútù ni àwọn hóró wíwẹ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Chloroplast ni orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn. Wọ́n ní DNA tiwọn, èyí tí ó dà bí ìwé ìran tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Ní ọdún 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Jàpáànù ka ti tábà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: lẹ́tà rẹ̀ tó bí 156,000.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn tí ń yọ òdòdó, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún hóró yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kà á, ìdílé ìyá ni ó kà.

Ní ọdún 2020, àwọn ọ̀mọ̀wé Jàpáànù àti ti IITA ní Ìbàdàn gbé ohun tí wọ́n kà nínú DNA iṣu 336 jáde. Chloroplast iṣu funfun jọ ti iṣu ìgbẹ́ inú ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica. Ṣùgbọ́n a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n tún ka DNA kejì, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, wọ́n sì bá iṣu inú igbó ńlá, Dioscorea praehensilis, níbẹ̀. Wọ́n wá sọ pé ìyá iṣu wa jẹ́ ará ọ̀dàn, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará igbó. Àwọn mìíràn tí wọ́n ka iṣu 167 ti sọ ní ọdún 2019 pé láti inú iṣu igbó ni ó ti wá. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan.

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹni tí ó mọ òbí iṣu lè padà tọ̀ wọ́n lọ láti wá agbára tí yóò fi kojú àrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá sun igbó àti ọ̀dàn tán, ìwé náà jóná pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, nígbà tí iṣu bá yọ òdòdó, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí oko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé akọ iṣu wà lọ́tọ̀, abo sì wà lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.