Ìròyìn Kọ́ ni Àbọ̀

Ọmọ tí a rán lọ sọ́jà ní Ìwó, tó dé tó ní "Ọjà mà kún o," ìròyìn ló mú wá. Kò tíì jábọ̀. Àbọ̀ ni: ohun tí ẹ rán mi rèé, èyí ni mo rí, èyí ni mi ò rí, ṣéńjì yín nìyí. Kí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Bowen nílùú Ìwó náà mú ìyàtọ̀ yìí dání, torí ìwé tí ẹni tó ń dán ètò kọ̀ǹpútà wò ń kọ fún ọ̀gá rẹ̀, àbọ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ń pe ohun tí à ń jábọ̀ rẹ̀ ní "ìtẹ̀síwájú." Mi ò fara mọ́ ọn. Ìtẹ̀síwájú ti yin iṣẹ́ kó tó ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a rí ogún àléébù nínú ètò kan ńkọ́? "Ibi tí iṣẹ́ dé" ló dáa jù: kò yìn, kò bú, ó sì ń mú kéèyàn béèrè ohun tó kù.

Bákan náà, ká ní à ń "ṣọ́" iṣẹ́ kò bá a mu. Olè là ń ṣọ́. Ẹ lo "mójú tó." Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ tí kò láṣẹ láti kó o níjàánu, kó fi èèyàn kún un tàbí kó sún ọjọ́ síwájú, òǹwòran ni.

Láti rí bí ìròyìn ṣe yàtọ̀ sí àbọ̀, ẹ wo àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, INEC. Níbi ìbò gómìnà Ọ̀ṣun, 16 oṣù Keje 2022, wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, ya fọ́tò ìwé èsì ní àwọn ibùdó ìdìbò, Ìwó náà kò gbẹ́yìn, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sórí IReV, ojúlé ayélujára tí INEC ń gbé èsì sí. Ó ṣiṣẹ́. Ní 4 oṣù Kejì 2023, INEC tún lo ibùdó 436 káàkiri Nàìjíríà láti dán ìdánimọ̀ olùdìbò wò. Ní 25 oṣù náà, ọjọ́ ìbò ààrẹ, èsì àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kọ̀. INEC ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ètò IReV nígbà náà máa ń wá ìpínlẹ̀ tí èsì wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Ìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀. Ti ààrẹ kò ní, gbogbo Nàìjíríà ló ni ín. Ó tó nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí èsì ààrẹ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ẹni tó bá ní "A ti lo IReV, ó ṣiṣẹ́" ṣáájú ọjọ́ yẹn kò parọ́. Ìròyìn ló mú wá. Àbọ̀ ì bá ní: "Ó ṣiṣẹ́ fún gómìnà; ó ku ti ààrẹ." Ọ̀rọ̀ "ó ku" yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú àbọ̀ ẹnikẹ́ni. "Díẹ̀ ló kù" kò tó o. Mélòó ni díẹ̀, èwo sì ni?