Kí Ni Ọmọ Náà Ti Parí? Ẹ̀kọ́ lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́ Ìròyìn àti Iṣẹ́ Ọnà

Lọ́dọọdún, bí àkókò bá tó láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, awuyewuye kan a máa wọ inú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ yóò ní iṣẹ́ ìròyìn ni òun fẹ́ kọ́, tàbí eré ṣíṣe, tàbí àwòrán yíyà. Òbí yóò ní kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn, kí ó fi èyí tí ó kù ṣe fàájì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ìdí. Òbí ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́, ojú rẹ̀ sì ti rí ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ọmọ ni yóò sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ rò pé ó lè ran tọ̀tún-tòsì lọ́wọ́. Kí á má ṣe bi ọmọ pé kí ni ó fẹ́ nìkan. Kí á bi í pé kí ni ó ti parí.

Iṣẹ́ tí kò ṣàjèjì sí wa

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ẹ̀tanú kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni iṣẹ́ wọ̀nyí, pé kò yẹ ọmọ tí a fi ẹ̀kọ́ Kristi tọ́. Ìtàn kò gbè wọ́n. Àlùfáà ni Henry Townsend tí ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà, ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó sì gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde fún un ní ọdún 1938. Ọmọ àlùfáà ni Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí òkìkí orin rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ìdí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó ni ó ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré orin rẹ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ni ó ṣe é fún, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó sì ń ṣe jẹun nígbà náà.

Ìfẹ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìfẹ́ òkìkí

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fẹ́ràn ojú tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Díẹ̀ ni ó fẹ́ràn iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: jíjí kí ilẹ̀ tó mọ́, dídúró nínú oòrùn, títún ojú ewé kan kọ nígbà mẹ́rin, gbígba ìbáwí olóòtú láìbínú. Láti mọ èyí tí ó wà lọ́kàn ọmọ, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré tí ó ní ọjọ́ ìparí. Bí ó bá fẹ́ di akọ̀ròyìn, kí ó lọ sí ọjà, kí ó bi oníṣòwò mẹ́ta léèrè ìdí tí owó gàrí fi lọ sókè, kí ó sì kọ ojú ewé kan kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe fíìmù, kí ó fi fóònù ya bí ìyá àgbà ṣe ń din àkàrà, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ yàwòrán, kí ó ya ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ 10 léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́ka sí àbùkù iṣẹ́ náà, kí ẹ wò ó bóyá yóò tún un ṣe.

Bí sáà ẹ̀kọ́ kan bá kọjá tí kò sí iṣẹ́ tí ó parí, tí àwáwí nìkan pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òkìkí ni ọmọ náà ń lé. Kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì yẹ kí á fi owó ọdún mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá sì wà nílẹ̀, tí èyí tí ó kẹ́yìn sàn ju ti ìṣáájú lọ, ẹ̀rí ti dé iwájú òbí. Ó tọ́ kí òbí náà gba ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí a ń rí kọ́ ni òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan ń kọ eré, ẹnì kan ń gba ohùn sílẹ̀, ẹnì kan ń tan iná, ẹnì kan ń gé fíìmù pọ̀, ẹnì kan ń ṣírò owó. Ọmọ tí ó mọ Físíìsì lè di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ohùn. Èyí tí ó mọ ìṣirò lè máa bójú tó ìnáwó ilé iṣẹ́ fíìmù.

Ìmúrasílẹ̀ mẹ́ta

Èkíní ni èdè. Kò sí iṣẹ́ ìròyìn láìsí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ọwọ́ rọ́ Yorùbá sẹ́yìn. Láti ọdún 2018 ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè wa. Ọmọ tí ó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn ní irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní.

Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Èkó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìròyìn, Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé, Yaba College of Technology sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Nigerian Institute of Journalism wà ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ tẹlifíṣọ̀n ti NTA àti ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà ní ìlú Jos. Kí ọmọ tó yan iṣẹ́ tí yóò jókòó fún ní WAEC, ẹ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ ń béèrè.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá. Láti ìdílé agbẹ́gilére ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí ìjọ Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ sí. Iṣẹ́ náà ni ó gbé e dé Yunifásítì Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Túndé Kèlání kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé iṣẹ́ WNTV ní Ìbàdàn, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀n. Ó ti kọjá ẹni ọdún 50 nígbà tí Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999. Iṣẹ́ tí ó máa pẹ́ kì í kánjú.

Owó àti ẹ̀rí ọkàn

Owó iṣẹ́ wọ̀nyí kì í sábà wọlé lóṣooṣù bí owó oṣù ìjọba. Nítorí náà, kí ọmọ ti kékeré kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú owó pamọ́. Kí ó kọ́ láti ka ìwé àdéhùn tán kí ó tó fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022 dáàbò bo ìwé àti orin títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè má rí i gbà padà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó ti mọ̀ kí ó tó kúrò nílé pé akọ̀ròyìn tí ó gba ẹ̀gúnjẹ ti ta ohun kan ṣoṣo tí ó ní, èyí ni ìgbàgbọ́ àwọn tí ń kà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa, nínú Ìwé Ẹ́kísódù, kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fún Besaleli. Ó tún fi sí i lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ rédíò, ní ilé ìtẹ̀wé, ní ibi tí a ti ń ṣe fíìmù, ẹ gba ọmọ kan ṣoṣo mọ́ra ní àsìkò ìsinmi gígùn. Kí ó gbá ilẹ̀, kí ó gbé wáyà, kí ó máa wò.

Fún ìjíròrò nílé

1. Iṣẹ́ wo ni ọmọ wa parí ní sáà ẹ̀kọ́ yìí, láìjẹ́ pé a rán an létí?
2. Ta ni a mọ̀ nínú iṣẹ́ náà tí ó lè sọ òtítọ́ fún un?
3. Bí kò bá di gbajúmọ̀ láé, ǹjẹ́ yóò ṣì fẹ́ máa ṣe é?