Àpótí Ìmọ̀: Kí Òdòdó Tó Di Ẹ̀bùn

Ní àyájọ́ olólùfẹ́, 14 oṣù Kejì, òdòdó róòsì pupa a máa tà ní Lekki àti Ajah. Àwọn kan tilẹ̀ ń ká owó náírà bí òdòdó, wọ́n á dì í pọ̀, wọ́n á fi ta olólùfẹ́ lọ́rẹ. Ẹ ṣọ́ra o: òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kò gbà kí a rún owó, kí a dá a lu tàbí kí a ya á. Ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000 ni, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ní Rọ́ṣíà ńkọ́? Iye ló ṣe pàtàkì. Òdòdó mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje ni ti alààyè, pàápàá ní 8 oṣù Kẹta, àyájọ́ àwọn obìnrin. Méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ti òkú ni. Bí ẹ bá ń lọ kí ará Rọ́ṣíà nílé, ẹ ka òdòdó yín kí ẹ tó kanlẹ̀kùn.