YÍYAN ÈBÙ IṢU

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìrèsì àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo, àṣà kan wà lọ́wọ́ wa tí ó yẹ kí a tún wò. Bí a bá wa iṣu tán, èyí tí ó tóbi ni à ń gbé lọ sí ọjà. Èyí tí ó kéré ni à ń fi pa mọ́ fún èbù. Kíkéré nìkan kò ba èbù jẹ́. Ohun tí ó mú un kéré ni kí ẹ wádìí. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò lọ́ràá, tàbí pé iṣu tí ó tún ta lẹ́yìn tí a ti gé ti àkọ́kọ́ ni, èyí tí ó dára púpọ̀ fún èbù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àrùn ni, àrùn náà ni a ó tún gbìn.

Nítorí náà, inú oko ni yíyan èbù ti ń bẹ̀rẹ̀. Àrùn kan wà tí ń sọ ewé iṣu di alámì, ibì kan a dúdú, ibì kan a ní àwọ̀ ìyeyè, ewé náà a sì há. Kòkòrò tí ń mu omi ara ewé ni ń tàn án kálẹ̀, inú èbù ni ó sì ń gbà dé ọdún tí ń bọ̀. Ẹ kò lè fi ojú rí i lára iṣu tí a ti wà. Nígbà tí iṣu bá ti lo nǹkan bí oṣù 3 lórí ebè, ẹ so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá èyí tí ewé rẹ̀ mọ́; lára ìwọ̀nyí ni kí ẹ ti mú èbù. Ẹni tí ó ra èbù lọ́jà kò rí ewé rẹ̀ rí.

Nígbà ìkórè, ẹ fi èékánná họ èèpo díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ó ti ń dúdú, aràn tíntín inú ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́, yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ nínú àká. Àwọn kan a gé ibẹ̀ sọnù, wọn a sì gbin ìyókù. N kò fọwọ́ sí i. Ẹ sè é jẹ.

Bí ẹ bá ń gé èbù, ẹ ya ti orí sọ́tọ̀, nítorí òun ni ó ń kọ́kọ́ hù. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ sì sá a sí ibòji kí ó gbẹ.

Hẹ́kítà 1 tí ó ní ebè 10,000, bí èbù kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 400, yóò gba kílò 4,000. Owó ńlá ni èyí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn olùwádìí ní Umudike àti ní IITA, Ìbàdàn, fi gbé ọ̀nà èbù kékeré jáde: a ó gé iṣu kílò 1 tí ara rẹ̀ le sí nǹkan bí 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wọn gíráàmù 50, tí èèpo yóò sì wà lára gbogbo wọn. Orí poro ni a ó gbìn wọ́n sí, ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra wọn. Iṣu kékeré ni yóò ta, òun ni a ó sì fi ṣe èbù ní ọdún kejì. Kí ẹgbẹ́ ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún un, níbi tí a kò ti gbin iṣu láìpẹ́ yìí.