Bí A Ṣe Lè Dẹ Ara Tí Ó Gan Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ebè

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí àgbẹ̀ sì gbé ọkọ́ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ pípẹ́, ìtara a máa mú un ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ kan. Ní alẹ́, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àtibẹ̀rẹ̀ di ìṣòro, àtidìde di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ a rò pé ibà ni ó dé, wọn a sì ra oògùn oríṣiríṣi gbé mì láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Owó a lọ, ara kò sì ní tìtorí rẹ̀ yá.

Kí ni ó ń fa ìrora yìí? Bí a bá ṣe iṣẹ́ líle tí kò tíì mọ́ ara lára, iṣan a máa fara pa díẹ̀ nínú. Bí ara ti ń tún un ṣe ni a ń mọ ìrora. Láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó máa ń le jù. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, a máa lọ fúnra rẹ̀.

Nína ara kì í lé ìrora náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n a máa dẹ ibi tí ó gan. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe é déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò rí i pé oríkèé òun rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè móoru. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ̀yìn: Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ fa orúnkún méjèèjì wá sí àyà, kí ẹ sì fi ọwọ́ dì wọ́n mú.

2. Ẹ̀yìn itan: Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ kan, ẹ ká èkejì. Ẹ rọra tẹ̀ síwájú láìká ẹ̀yìn.

3. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀: Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ tì í. Ẹ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má ṣe kúrò nílẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún ti iwájú.

4. Àyà àti èjìká: Ẹ gbé ọwọ́ kan lé òpó ilẹ̀kùn, kí ẹ sì rọra yí ara sí òdìkejì.

Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rọra ka 20 sí 30, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ máa mí dáadáa, ẹ má sì ṣe fi ipá jà á. Kí iṣan fà ni a fẹ́, kì í ṣe kí ó dunni.

Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, bí ìrora bá ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, bí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí kò ṣeé mú dúró, tàbí bí ara bá gbóná, ẹ má ṣe dúró na ara nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ kánkán.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó ń kọ 200 ebè lójúmọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, kí ó fi 100 bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọkọ́ kò mọ ọ̀mọ̀wé yàtọ̀.