Àpótí Ìmọ̀: Máàkì fún Àròjinlẹ̀

Ní 2001, Garrison, Anderson àti Archer ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ síra wọn nínú ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n fi díwọ̀n àròjinlẹ̀: ìbéèrè tó ń tọ́ka sí ìṣòro, kíkó èrò jọ, síso èrò pọ̀, àti ojútùú. Ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ló wà ní ìpele kejì. Ìdá 4 péré ló dé ojútùú. Nítorí náà, bí a bá ń fi iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nìkan fún un ní máàkì, ọ̀rọ̀ púpọ̀ la ó rí gbà, kì í ṣe àròjinlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: “Kí ni ẹ̀rí rẹ?” Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ fún ní máàkì.